Omi Òpó Kẹta

Ilé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo ti kí yín tán. Ara mi le, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀, torí ẹ ò béèrè nínú lẹ́tà yín tó kọjá. Afárá lẹ béèrè.

Fọ́tò yín dé. Kóòtù yẹn dáa, àmọ́ apá rẹ̀ gùn dé ìka yín, àfi bíi pé ẹni tó ga jù yín lọ ló bọ́ ọ fún yín pé kí ẹ tètè fi ya fọ́tò kí ẹ dá a padà. Bọ̀dá ní kí n má kọ ìyẹn síbí. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ ní àwọn ọ̀gá yín fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ létí odò wa. Kó má bàa rú yín lójú, bí a ṣe ń pè wọ́n níbí rèé. Àwọn Àtijọ́ ni àwọn tí ẹ wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àwọn tó ṣe afárá onírin kí wọ́n tó bí màmá mi, tí wọn ò sì yọjú wò ó mọ́ títí tó fi dípẹtà, tí wọ́n fi okùn dí ẹnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Àwọn Tuntun ni àwọn tó wá láti ìhà kejì ayé, tí wọ́n ń ṣe ti kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Àwọn méjèèjì ò fẹ́ rí ara wọn sójú. Àwọn méjèèjì ló sì ní àwọn fẹ́ràn wa.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé a ti rí ìdáhùn wọn sí afárá Àwọn Tuntun. Ọkùnrin méjì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú agboòrùn àti kámẹ́rà, wọ́n kun irin afárá àtijọ́ ní àwọ̀ àsíá wọn, ibi tí ojú lè rí láti títì nìkan. Ìpẹtà ni wọ́n kùn. Wọ́n wá ri pátákó kan mọ́lẹ̀: Ọ̀RẸ́ ÀTỌDÚNMỌ́DÚN. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Àwọn Tuntun ri tiwọn, ó ga ju ìyẹn lọ: Ọ̀RẸ́ TÒÓTỌ́. Ní báyìí pátákó ti fẹ́ẹ̀ ga ju òpó afárá lọ. Ewúrẹ́ kan ń sùn sábẹ́ méjèèjì, bí oòrùn bá ṣe yí ni òun náà ń yí, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́.

Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ nídìí afárá tuntun náà. Ẹ má dìde lórí àga. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ sí yín pé mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lẹ fèsì pé kí n tẹpá mọ́ ìwé mi. Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ mi. Kọnkéré tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kì í fẹ́ kí oòrùn rí òun. A ó fi àpò ìdọ̀họ wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, a ó sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tí omi bá dá, ó lè sán. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń fàlà sí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti wọ́n ọn: òpó wo, aago mélòó. Bọ̀dá ló ń buwọ́ lù ú ní ìrọ̀lẹ́, torí òun ni fọ́máànù kọnkéré. Ti Sátidé àti Sọ́ńdè, Mọ́ńdè ló máa ń bu ọwọ́ lù ú pọ̀. Bọ̀dá yẹn kan náà, àbúrò màmá mi, tí ẹ gbé mi lé lọ́wọ́ nígbà tí màmá kú, tí ẹ ní oṣù mẹ́fà lẹ ó lò. Oṣù mẹ́fà yẹn ti pé ọdún mẹ́fà.

Ẹ ní ẹ ó pe tẹlifóònù oníkẹ́míìsì ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹta, tí kò bá bọ́ sí i, kó jẹ́ Sọ́ńdè. Màá wà níbẹ̀.

Ọmọ yín, ẹyọ kan tẹ́ ẹ ní.


Òkè òkun, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bọ̀dá rẹ, mo kí gbogbo ojúlé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi dùn, àfi ibi ọ̀rọ̀ kóòtù. Ọmọ gidi kì í wọn apá aṣọ bàbá rẹ̀.

Ohun ńlá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wọ yàrá yẹn, àga rẹ̀ ò mọ ìdí mi rí. Ó ní òun gbọ́ pé ìlú mi ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn afárá wọ̀nyẹn. Ṣé o rí i, àwọn tí ẹ ń pè ní Tuntun yẹn ń kọ́ nǹkan káàkiri ayé, èbúté níbí, ojú irin lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni láti wá ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Àwọn ọ̀gá ti ṣe ìpàdé mọ́kànlá lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni àlébù. Kò nílò kó tóbi.

Ìwé ìgbélùú mi tó ti wà lórí tábìlì ẹnìkan láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọ̀gá ní òun lè bá mi gbé e rìn, tí mo bá wúlò. O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láìsí ìwé yẹn, tí mo bá jáde kúrò níbí, mi ò lè wọlé mọ́. Tí mo bá ní in, mo lè wá wò ẹ́.

Nítorí náà, la ojú rẹ dáadáa. Màá pè ọ́ bí mo ṣe sọ. Tẹpá mọ́ ìwé rẹ.

Bàbá rẹ.


Ilé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sátidé, mo dé ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí páálí oògùn ikọ́ títí ó fi tì í. Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀ náà. Tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnìkan ṣi nọ́ńbà. Ẹnìkan ń wá télọ̀. Ẹ̀kẹta, mo ti gbá a mú kí oníkẹ́míìsì tó dìde, ìyàwó rẹ̀ ni, ó ń béèrè bóyá ọkọ òun ti jẹun. Mo ní ó ti jẹun. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ọkùnrin yẹn fún mi ní fítámì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa lá a. Ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn, fítámì oníkẹ́míìsì.

Ẹ ń wá àlébù, àbí? Ẹ gbà. Òpó kẹta ti sán. Mo fi ojú ara mi rí i lánàá nígbà tí a tú àpò kúrò lára rẹ̀, láti èjìká dé ìbàdí. Iṣẹ́ Àwọn Tuntun nìyẹn. Wọ́n ń kánjú ni, wọ́n ń da òpó bí ẹni ń da ẹ̀kọ. Ẹ gbé e fún ọ̀gá yín kí ó fún yín ní àga kejì.

Ọmọ yín.


Òkè òkun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Orí rẹ pé. Mo kí ọ, mo tún kí ọ.

Dárí jì mí nítorí ìpè, iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Àmọ́ gbọ́ èyí. Mo túmọ̀ ibi òpó kẹta fún ọ̀gá. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pe ẹlòmíràn wọlé kí n tún un sọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹni ńlá kan kà á lórí rédíò wọn. Wọ́n ní ẹnìkan tó mọṣẹ́, tó ń gbé létí odò náà, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ti kéde pé àwọn náà á wá ṣe afárá tiwọn nílùú wa, ó máa jìnnà sí tàwọn yẹn ní ìwọ̀n igba ẹsẹ̀ bàtà, kò sì ní sán.

Ìwé mi ti kúrò lórí tábìlì àkọ́kọ́. Ó ti dé orí tábìlì kejì.

Bá mi ya fọ́tò ibi tó sán yẹn. Sún mọ́ ọn dáadáa kó lè hàn gbọọrọ.

Bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn.


Ilé, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín pẹ́ lónìí.

Rédíò yẹn dé ibí. Gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́nu géètì, ẹnìkan tó mọṣẹ́. Èmi nìyẹn. Èmi tí mi ò mọ ìṣirò ìdá mẹ́ta, mo ti di ẹni tó mọṣẹ́ lókè òkun.

Ẹnjiníà Àwọn Tuntun wá síbi òpó kẹta pẹ̀lú gíláàsì tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ògbufọ̀ wọn, tí a ń pè ní Ó-ní-pé torí kò lè sọ ohunkóhun láìkọ́kọ́ fi ìyẹn ṣíwájú, wá túmọ̀ fún wa pé ọ̀nà méjì péré ló wà: bóyá sìmẹ́ǹtì àwọn kò dáa, bóyá omi ò dé ara òpó. Sìmẹ́ǹtì àwọn sì dáa. Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ṣí ìwé omi, wọ́n rí i pé ìlà pé, wọ́n rí ọwọ́ Bọ̀dá nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìwé parọ́, ẹni tó buwọ́ lù ú ló parọ́. Wọ́n gba akoto lórí rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ń pàṣẹ fún. Ẹnìkan wá rán wọn létí pé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ Àwọn Àtijọ́. Ẹ̀yin nìyẹn. Báyìí wọ́n ní Àwọn Àtijọ́ ló rán an kó ba òpó jẹ́. Tí ìwádìí bá parí ní òpin oṣù karùn-ún, ọlọ́pàá ni wọ́n máa fà á fún.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Sátidé àti Sọ́ńdè tí mo jókòó sórí páálí, ọjọ́ kejì àti ìkẹta tí wọ́n da òpó kẹta ni. Èmi ló yẹ kí n wọ́n omi sí i. Mi ò wọ́n ọn. Mo rò pé tí mo bá sáré lọ sódò, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa pè. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè mo fa ìlà mẹ́jọ sínú ìwé, mo ń yí ọwọ́ padà kó lè jọ pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fà á. Mo gbé e fún Bọ̀dá, ó bu ọwọ́ lù ú. Nígbà tí mo wá rí i pé ó sán, ojú tì mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n bínú, mo sì kọ lẹ́tà sí yín. Èmi ni àlébù tí ẹ ń wá.

Mo sọ fún Bọ̀dá lánàá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán bàtà iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ wà lọ́la. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Ó kọjá níwájú oníkẹ́míìsì ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó rí mi lórí páálí. Ó ní òun wo ojú mi, òun ò lè pè mí jáde. Òun ló lọ wọ́n omi náà ní ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ó ti pẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí ò sọ fún ẹnjiníà.

Ó ní, “Kí n ní kí ni? Ọmọ tó ń dúró de ohùn bàbá rẹ̀ ni kí n fà lé wọn lọ́wọ́?” Ó fi eyín já òwú, ó ní kí n lọ jẹun.

Mo ti dé ẹnu géètì wọn lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sọ. Mo yí padà lẹ́ẹ̀mejèèjì, torí tí mo bá sọ ọ́, ìwé yín ńkọ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ọmọ yín ni kò wọ́n omi. Ẹ jẹ́ kí rédíò yẹn náà sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ilé, ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ọjọ́ méjìlélógún láìsí èsì. Nígbà tí mo kọ ọ́ pé òpó sán, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó dé ọwọ́ yín tí gbogbo ayé fi gbọ́.

Lánàá Bọ̀dá fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn ilé dé, ilẹ̀kùn tí kò dún bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn.


Òkè òkun, ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kí Bọ̀dá rẹ, mo bá a kẹ́dùn.

Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìwé mi ti dé orí tábìlì kẹta, èyí tí wọ́n ti ń buwọ́ lù ú. Oṣù méjì péré. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde báyìí, wọ́n á ní mo tàn wọ́n jẹ. Bọ̀dá rẹ lágbára, ọlọ́pàá ò lè pa á, àwọn Àtijọ́ sì ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn, èmi fúnra mi á sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi í ṣe fọ́máànù. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Má lanu.

Bàbá rẹ.


Ilé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ètò.

Ẹ ní kí n má lanu. Òpó ti lanu ná, èmi ni mo là á. Aláǹgbá tó wọ ibẹ̀ ni ẹ̀yin àti ọ̀gá yín, ẹ ti tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹ ti ń ṣe ìpàdé. Ó dùn mí bí mo ṣe kọ ìyẹn. Mi ò ní pa á rẹ́.

Mo lọ láàárọ̀ àná. Mo gbé ìwé omi lọ́wọ́. Mo fi ìlà mẹ́jọ yẹn han ẹnjiníà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní irọ́ ni, èmi ni mo fà á, Bọ̀dá ò mọ nǹkan kan. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti tún parọ́.

Ó-ní-pé dúró láàárín wa. “Ó ní pé ta ló rán ẹ.”

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi.

“Ó ní pé kí ló dé tí o ò wọ́n omi.”

Mo ní mò ń dúró de ìpè bàbá mi.

Ó-ní-pé ò túmọ̀ ìyẹn kíá. Nígbà tó wá sọ ọ́, ó gùn ju ohun tí mo sọ lọ. Ẹnjiníà ṣí akoto rẹ̀, ó nu orí, ó bi í ní ìbéèrè kan tó kúrú.

“Ó ní pé ṣé ó pè.”

Mo ní rárá.

Ọkùnrin yẹn mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó lọ síbi tó sán, ó ha á. Ṣé ẹ mọ bó ṣe jìn tó? Kò jìn ju èékánná lọ. Ara òkè lásán ni. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n fi dí i, ó tán kí oòrùn tó dé àárín orí. Gbogbo rédíò yẹn, gbogbo ìpàdé, igba ẹsẹ̀ bàtà yẹn, orí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé.

Bọ̀dá ti gba akoto rẹ̀ padà. Èmi, wọn ò lé mi. Ìyà mi ni pé èmi nìkan ló máa wọ́n omi òpó kẹrin látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ni yóò máa buwọ́ lu ìwé mi.

Ẹ má rò pé mo ti di tiwọn. Láàárọ̀ òní wọ́n ti ri pátákó tuntun: ÒTÍTỌ́ KÌ Í SÁN. Ìtìjú tèmi ni wọ́n kọ gàdàgbà gadagba sójú títì, wọ́n ya òdòdó sí i lára. Ewúrẹ́ ti sún lọ síbẹ̀.

Ẹ ka lẹ́tà yìí fún ọ̀gá yín. Gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín.


Òkè òkun, ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Bọ̀dá rẹ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni àgbà.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ọ̀gá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kódà ibi aláǹgbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ibi pé òpó sán tàbí kò sán. Àwọn ti ya àwòrán afárá, àwọn ti yan ẹni tí yóò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ó ká lẹ́tà rẹ, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

Mo mú un jáde ní ìrọ̀lẹ́. O lè máa ronú pé báwo ni mo ṣe dé ìdí garawa ọ̀gá. Èmi ni mò ń dà á nù. Iṣẹ́ mi nínú ilé yẹn nìyẹn láti ọdún mẹ́fà, ilẹ̀ gbígbá àti ìdọ̀tí dídànù. Kóòtù inú fọ́tò yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀gá ló máa ń wà. O ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo rí i nínú lẹ́tà rẹ, mo sì bínú sí ọ nítorí pé o mọ̀.

Sátidé yẹn, tẹlifóònù ọ́fíìsì ni mo fẹ́ jí lò nígbà tí kò ní sẹ́nì kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá wá ní ọjọ́ méjèèjì. Ìpàdé kejìlá ni, lórí bí wọn yóò ṣe dá Àwọn Tuntun lóhùn nípa afárá yín. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwé mi ti padà sórí tábìlì àkọ́kọ́. Wọn ò bá mi wí. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ti ra káàdì ìpè, ti ara mi. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù keje, aago mẹ́rin, tẹlifóònù oníkẹ́míìsì. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o tẹpá mọ́ ìwé rẹ.

Bàbá rẹ.


Ilé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín dáadáa lónìí. Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá, ẹ kú iṣẹ́ ìdọ̀tí dídànù. Ó sàn ju iṣẹ́ àwọn tó ń jù ú síbẹ̀.

Àwọn Àtijọ́ wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lánàá. Ẹni ńlá kan fi ṣọ́bìrì tí kò tíì kan yẹ̀pẹ̀ rí bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ibi tí wọ́n gbé òkúta yẹn sí, gbogbo wa la mọ̀ pé odò máa ń gbà á tí òjò bá ti pọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá, a ò sì sọ. Ó-ní-pé wá wòran, ó ní pé òkúta náà dáa.

Bọ̀dá ní kí ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀yìn yín á máa dùn yín. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù keje, ẹ má pè ní aago mẹ́rin. Ọjọ́ kejì òpó kẹrin nìyẹn, omi aago mẹ́rin, èmi ni mo ni ín. Ẹ pè ní aago mẹ́fà. Ọ̀nà jìn díẹ̀ láti odò dé oníkẹ́míìsì, mi ò sì ní sáré. Tí mi ò bá tíì dé, ẹ dúró dè mí.

Ọmọ yín.